Re: "másùnmáwo ooru": ìṣáwùrú ń sùn ni, àbí wọ́n ń sun ún?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Mo ti ka ìtumọ̀ tí Atúmọ̀ gbé síbí lánàá, lórí bí àwọn ẹran etí òkun ṣe ń fara da ooru nígbà tí omi bá fà. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bù ú kù. "Ìkúnfà" tó pe ibi tí òkun ń bò tó tún ń ṣí sílẹ̀ dùn mọ́ mi. Ọmọ etí omi tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n "másùnmáwo ooru" tí ẹ fi túmọ̀ "heat stress" ti Gẹ̀ẹ́sì yìí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i?

Ẹ jẹ́ ká tú u. Má sùn, má wo. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, tí kò lè pa ojú dé lóru, òun ló ní másùnmáwo. Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tí ìṣáwùrú orí àpáta ń ṣe nígbà tí oòrùn bá mú. Á fa ẹsẹ̀ sínú, á ti ìlẹ̀kùn, á wá fi itọ́ ara rẹ̀ lẹ etí ìkarawun mọ́ òkúta kí ẹran ara rẹ̀ má baà kan ibi gbígbóná. Òmíràn tiẹ̀ máa ń nàró lórí etí ìkarawun náà, bí àwo tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé kalẹ̀. Ní Brunei, ní Éṣíà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì gbé ọ̀kan tó ń jẹ́ Echinolittorina malaccana yẹ̀ wò: bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí i, dípò kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, ńṣe ló ń rọra lù. Kí là ń pe ìyẹn nílé wa? Oorun ni! Ẹ̀dá tó ń fi oorun sá fún oòrùn, ẹ wá ń pàṣẹ fún un pé kó má sùn. Tó bá gbọ́ tiyín, á kú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé Atúmọ̀ dé láìní àmì ohùn kan ṣoṣo. "Masunmawo." Àbúrò wa kan ní Houston kà á sí "má sun", ó ní ṣé a fẹ́ sun wọ́n jẹ ni. A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun Vancouver, ní Kánádà, ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2021, sísun náà ni. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn, ooru dé 49.6°C ní Lytton, ìlú kan tó jìnnà sí òkun ní agbègbè British Columbia kan náà. Omi òkun tún lọ fà lọ́sàn-án gangan, oòrùn wá bá àwọn ẹran tí ìkarawun wọn pín sí méjì ("mussels" ti Gẹ̀ẹ́sì) níhòòhò lórí òkúta tó gbóná ju 50°C lọ. Àwọn yẹn kò lè rìn. Okùn ara wọn ti so wọ́n mọ́ ojú kan. Èyí tó bọ́ sí òjìji àpáta rọ́gbọ́n dá, èyí tó kọjú sí oòrùn jinná. Chris Harley, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun ní Yunifásítì British Columbia, fojú bù ú pé ẹran etí òkun tó kú lé ní bílíọ̀nù kan. Oòrùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òórùn ló parí rẹ̀.

Ìyá ìyá mi ta ìṣáwùrú l'Ẹ̀pẹ́ títí ó fi darúgbó. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn á máa pa agbọ̀n, oníbàárà á ní àwọn wọ̀nyí ti kú. Màmá kò ní jà. Á bu omi wọ́n ọn, á ní, "Jókòó." Kí onítọ̀hún tó tú owó nínú kókó aṣọ, ọ̀kan á ti ṣílẹ̀kùn. Màmá á ní, "Ó ń sùn ni." Obìnrin tí kò wọ ilé ìwé rí!

"Ìnira ooru" ni kí ẹ kọ. Ara ni ooru ń ni.

Atúmọ̀ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣeun fún "ìkúnfà".

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń dàgbà. Ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè àjẹ̀. Tí rédíò bá ní másùnmáwo, ta ló ń ronú nípa ibùsùn? "Ìnira" tiyín ńkọ́? Ebi, ìnira ni; ìrọbí, ìnira ni; gọ̀sílóò, ìnira ni.

Ìkejì: ẹrẹ̀ ọ̀sà ni ìṣáwùrú Màmá ń gbé, kì í gun àpáta òkun. Èyí tí mo túmọ̀, ìgbín òkun ni.

Ìkẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń ka àmì síni lọ́rùn: "má wo" tí ẹ kọ yẹn, àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń wò, dà? Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í gòkè sí àárín láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e. A ń wo ilé, ṣùgbọ́n "má wò". Ẹ tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì dá sí i:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti gbàgbé "puròtéènì ìjáyà ooru" ("heat shock protein" ti Gẹ̀ẹ́sì) tí Atúmọ̀ kọ sí ìpínrọ̀ kẹrin. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Látìgbà tí Ritossa, onímọ̀ sáyẹ́nsì kan, ti rí àmì rẹ̀ lára eṣinṣin ní Ítálì ní 1962 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń pariwo ìjáyà. Ta ló já láyà níbẹ̀? Nígbà tí ooru bá ti ká àwọn puròtéènì tó kù wọ́jọ bí aṣọ tí a kò sá dáadáa, puròtéènì yìí ló ń tú wọn, tó ń tún wọn ká. "Atúnniká" ni mo pè é. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó mú tirẹ̀ wá.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé:

Ìyá Ìbejì, mo gba "atúnniká", bó tilẹ̀ ń dún bí orúkọ alágbàfọ̀.

Atúmọ̀, ẹ kú ìkà. Mo gbà pé ẹrẹ̀ ni ti Màmá. Ṣùgbọ́n "máwo" ni Màmá ń pè é, "máwo" ni bàbá mi ń pè é, ohùn àárín, tí wọn kò sì fi àbọ̀ kankan sí i. Òfin yín ló máa wá ṣàlàyé ẹnu wọn, kì í ṣe ẹnu wọn ló máa tẹ̀ lé òfin yín. Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn lórí "wo" yìí, iná ló fẹ́ lọ. Ẹ retí mi lálẹ́.