Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá n'Ífẹ̀ fẹ́ jáde ní wíkẹ́ǹdì: ṣé Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo lè wọnú ọjọ́ kan?

Ọmọ_Parakin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní OAU níbí, èmi wà lára àwọn tí wọ́n ní ká máa bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì kí wọ́n má baà máa sá padà sínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, wọ́n ti wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnúwá, nídìí ère Mọremí ẹ̀wẹ̀ fọ́tò tí wọ́n yà kò lóǹkà, ẹsẹ̀ ti ń ro mí kí wọ́n tó ṣe tán. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ jáde nílùú ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ètò tí wọ́n kọ síwèé nìyí o: àárọ̀ Sátidé Erin-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀sán Sátidé Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, Sọ́ńdè Òkè Ìdànrè. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ó ṣeé ṣe? Àwọn mẹ́sàn-án ni, mọ́mì kan wà nínú wọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ó ní kò sí ibi táwọn yòókù máa dé tóun ò ní dé. Wọn ò tún fẹ́ ká háyà ọkọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ wọkọ̀ ní gáréèjì bíi gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó èrò lọ rí, ẹ sọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀ṣà_Gidi

Àbúrò, bá mi rẹ́rìn-ín sí i. Ìdànrè kẹ̀! Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ìdànrè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́hùn-ún, ẹ máa kọjá Àkúrẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, àtẹ̀gùn tó sì wà lára òkè yẹn lé ní 600. Ẹni tó gun Erin ní Sátidé tó tún ní òun máa gun ìyẹn ní Sọ́ńdè, Mọ́ńdè ìdí ló máa fi wọ́ wọ kíláàsì.

Erin nìkan tó Sátidé jẹ. Ẹ bọ́ sọ́nà Iléṣà, ìyẹn ò jìnnà rárá, ẹ la Iléṣà kọjá, ẹ dojú kọ ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ ó wá yà sí Erin. Wọ́tàfọ́ọ̀lù Olúmirin yẹn, ìpele méje ni wọ́n ń kà á. Ti àkọ́kọ́ ò le, mọ́mì olórúnkún yẹn á débẹ̀ bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń parí ẹ̀ sí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba ilé lọ. Àtibẹ̀ lọ sókè ló ti di ọ̀rọ̀ ká fọwọ́ di gbòǹgbò igi mú. Téèyàn bá gùn ún dókè pátápátá, ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ń yọ sí, Èkìtì ti nìyẹn. Òjò ń rọ̀ lásìkò yìí, omi á pọ̀ dáadáa, ìgbà yẹn ló dùn ún wò jù, ṣùgbọ́n àpáta á máa yọ̀ bí ilá. Kẹ́nikẹ́ni má wọ sílípáàsì wá o, mo bẹ yín.

Màámi_Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi. Èmi ti bá ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ síbẹ̀. Kí wọ́n mú aṣọ mìíràn dání, kí wọ́n fi fóònù sínú ọ̀rá, kí owó tí wọ́n lè ná wà lọ́wọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS. Iyán Iléṣà, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ta ló ń gun òkè pẹ̀lú iyán níkùn?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gáréèjì yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Èèyàn mẹ́sàn-án, ìwọ náà ṣìkẹwàá, tó bá dìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà, ibo lẹ ti fẹ́ rí ọkọ̀ tó máa gba gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan? Ẹ ó pín sí méjì, àwọn kan á ti dé Ifẹ̀, àwọn kan á ṣì dúró ní Iléṣà lálẹ́, ọkàn tìẹ á sì wà lókè. Ẹ gba odindi bọ́ọ̀sì, kí awakọ̀ dúró dè yín, kílẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Kí wọ́n sì mú fọ́tòkọ́pì páásípọ́ọ̀tù wọn dání.

Ṣẹ́gè_Òṣogbo

Ẹ dúró ná, ta ló ní Òṣogbo ni ibi téèyàn ń yà wò tó bá ku díẹ̀ kílẹ̀ ṣú? Igbó yẹn tó 75 hẹ́kítà, UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 2005. Àwọn ère inú ẹ̀, Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó wá láti Austria, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló jọ ṣe é, bíríkìlà wà nínú wọn. Ìyá yẹn dé Nàìjíríà ní 1950, ó dúró síbí, Òṣogbo ló kú sí ní 2009. Fún òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá, ìtàn yẹn nìkan tó gba odindi àárọ̀ kan. Tí wọ́n bá ṣì wà n'Ífẹ̀ di oṣù kẹjọ, ẹ kúkú dúró de ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n á rí àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, wọ́n á rí Arugbá tó ń gbé igbá lọ sódò. Kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú: a kì í pẹja nínú odò yẹn, a kì í ṣọdẹ nínú igbó yẹn, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò sì bẹ̀rù èèyàn, kí wọ́n má mú bíṣíkíìtì jáde níwájú wọn.

Ìjẹ̀ṣà_Gidi

Òṣogbo ń fọ́nnu 😂 Láróòyè tó tẹ Òṣogbo dó, ṣé kì í ṣe Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá?

Ṣẹ́gè_Òṣogbo

Omi ló wá kiri tó fi kúrò lọ́dọ̀ yín. A dúpẹ́ pó rí i.

Tíṣà_Àgbà

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ ẹ ń gbàgbé nǹkan tí wọ́n bá wá. Mo ti kọ́ irú wọn rí. Tí wọ́n bá ti jáde báyìí, ẹni tó ń mú wọn káàkiri á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, àwọn náà á fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Bí ibi tí wọ́n fẹ́ dé bá ṣe pọ̀ tó ni Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún á ṣe pọ̀ tó, torí ẹni tó ń kọ́ èdè nílò àyè láti wá ọ̀rọ̀, kánjúkánjú ò sì fún un láyè. Ẹ gba bọ́ọ̀sì bí Màámi ṣe wí, ṣùgbọ́n jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fúnra wọn dúnàádúrà pẹ̀lú awakọ̀, kí ìwọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o panu mọ́. Kí wọ́n ra iyán fúnra wọn, kí wọ́n sọ iye òkèlè àti iye ẹran tí wọ́n ń fẹ́. Ti mọ́mì yẹn, ẹ má ṣàánú ẹ̀ jù o. Tó bá jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń tajà, òun ló máa sọ Yorùbá jù nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń gun òkè, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí èémí sọ̀rọ̀?

Ọmọ_Parakin

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti bá wọn sọ ọ́: Sátidé Erin, ká padà sílé lọ́jọ́ kan náà, Sọ́ńdè kí wọ́n sinmi, ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó wá. Òṣogbo di oṣù kẹjọ. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro nítorí Ìdànrè, mo fi fídíò àtẹ̀gùn yẹn hàn wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Mọ́mì gbà láti jókòó, àmọ́ ó ní òun máa kọ́kọ́ dé ìpele àkọ́kọ́ ná kóun tó sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó. Ó ku awakọ̀ o. Ẹ bá mi wá ẹni tí kì í sáré, tí kò sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì.

Màámi_Lágere

Mo mọ ẹnì kan, wá inbox. Ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu ẹ̀, ẹni tó bá jókòó níwájú á sọ Yorùbá títí dé Erin, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Àmọ́ iye tó bá kọ́kọ́ pè, kí àwọn òyìnbó ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì.