Doctor Who tún ń padà bọ̀: ẹ wá sọ bó ṣe bá yín

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, Doctor Who ni eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa Dókítà, àlejò láti ayé mìíràn tó ń rìn káàkiri àkókò; tó bá fẹ́ kú, á pààrọ̀ ara, òṣèré mìíràn á sì gba ipò náà. Láti ìgbà tí BBC ti kéde lóṣù Kẹwàá 2025 pé Doctor Who yóò padà wá nígbà Kérésìmesì 2026, àti pé Russell T Davies ni yóò kọ ọ́, inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já. Ẹni tó bá wo apá tó gbẹ̀yìn ní 31 May 2025 á mọ ohun tí mò ń sọ. Ncuti Gatwa tó ń ṣe Dókítà pààrọ̀ ara, ojú Billie Piper, tó ṣe Rose ọ̀rẹ́ Dókítà ní 2005, la sì rí. Wọn ò sọ fún wa bóyá òun ni Dókítà tuntun tàbí òun kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n fi wá sí.

Eré yìí ti lọ rí, ó sì ti padà wá rí. Mo fẹ́ kí kálukú sọ èyí tó kàn án jù. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Sátidé ni, 26 March 2005, Ọjọ́ Àjíǹde ku ọ̀la. Mọ́mì mi ń din ẹja sílẹ̀, èmi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láìmọ ohun tó ń bọ̀. N ò mọ Dókítà àtijọ́ rárá, torí mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n dá eré náà dúró ní 1989. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rose ló jáde, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá kan, àwọn ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ilé tí Rose ń gbé ló wọ̀ mí lọ́kàn. Fúláàtì ìjọba ni, òun àti ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí èmi àti mọ́mì ṣe wà. Mickey ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, dúdú ni. Mo wo ìta ilé náà dáadáa, mo sì mọ̀ ọ́n: Brandon Estate ní Kennington ni, bọ́ọ̀sì wa máa ń gba ibẹ̀ kọjá! Mo pariwo pe mọ́mì láti kíṣìnì pé kí wọ́n wá wo àdúgbò wa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹja jóná díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn ni Christopher Eccleston tó ń ṣe Dókítà lọ, tí David Tennant dé. Mo sunkún. Mọ́mì bi mí pé, "Ṣé ó kú ni?" Mo ní, "Rárá mà, ó pààrọ̀ ara ni." "Ẹ̀mí kan náà?" "Bẹ́ẹ̀ ni mà." "Àtúnwá nìyẹn. Kí ló wá dé tó ò ń sunkún? Ẹni tó padà wá la máa ń kí káàbọ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó tì mí wò ó. Nígbà tó di 2007 tí Freema Agyeman wọlé gẹ́gẹ́ bíi Martha, ọmọ dúdú tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, mọ́mì ló wá ń pè mí pé àkókò ti tó. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tí Martha bá ń sọ̀rọ̀.

Ó yá, ó kàn yín.

Bàbá Kent

O ṣeun, ọmọ mi. Èmi ti mọ Dókítà tipẹ́ kí Rose tó dé.

Àwọn òbí mi wá sí London láti kàwé, bàbá mi ń kọ́ òfin, ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ń ṣe nígbà náà, wọ́n gbé mi fún obìnrin òyìnbó kan tọ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní Kent. Èmi nìkan ni ọmọ dúdú ní gbogbo àdúgbò. Ìyá òyìnbó yẹn fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ìgbà tí mo fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà inú agolo lórí búrẹ́dì yíyan ni oúnjẹ wa, lẹ́yìn náà orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà á bẹ̀rẹ̀. Ron Grainer ló kọ orin yẹn, ṣùgbọ́n Delia Derbyshire ló sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ ní 1963. Ó ń gé téèpù, ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ohùn lórí ohùn, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó lè bá ènìyàn ṣe é. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ, ara mi á bù máṣọ.

Tom Baker ni Dókítà tèmi, ẹni tó ní síkáàfù gígùn gbọ̀ọ̀rọ̀. Ó dé ní ìparí 1974. Kò jọ ẹnikẹ́ni níbikíbi tó bá balẹ̀ sí. Ibi tó bá dé, àlejò ni, wọ́n á bi í pé ta ni, níbo ló ti wá. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Òun á rẹ́rìn-ín, á na àpò súìtì sí wọn. Ọmọdé ni mí, mo gbà pé ó mọ̀ mí.

Kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni bàbá mi wá mú mi, ó di Abẹ́òkúta. N ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mọ bí ó ṣe rí. Mo kọ́ èdè, mo di ọmọ Ẹ̀gbá padà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọkàn mi á lọ sí Kent.

Mo padà sí ìlú òyìnbó ní 1990. Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá òyìnbó nípa tẹlifíṣọ̀n ni Dókítà. Ó ní wọ́n ti dá a dúró. 6 December 1989 ni apá tó kẹ́yìn jáde, Sylvester McCoy ni Dókítà. Ọdún kan péré ni mo fi pẹ́! Ní 1996 wọ́n ṣe fíìmù kan pẹ̀lú Paul McGann, a sọ pé ó ti dé. Kò dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2005 ò mọ bí àárín yẹn ṣe gùn tó. Àwọn kan lára wa ń ka ìwé rẹ̀, àwọn kan ń gbọ́ ọ lórí CD, a kò jẹ́ kí iná náà kú.

Nítorí náà ní 26 March 2005, mo tẹ ìyá òyìnbó láago. Ó ti di arúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. A gbé fóònù dání, èmi ní ilé mi, òun ní tirẹ̀. Nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Mo ń gbọ́ ọ láti inú tẹlifíṣọ̀n tèmi, mo tún ń gbọ́ ọ láti inú fóònù, ó ń tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tó yá ó ní, "Òun nìyẹn." Ó ti lọ ní báyìí. Mo dúpẹ́ pé ó gbọ́ ọ kó tó lọ.

Ọmọ Jos

Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù ìyá yín. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Tèmi yàtọ̀, torí apá tó sọnù ló padà dé sọ́wọ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí. Bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá bàbá mi ló lọ ṣòwò níbẹ̀ tí a fi di ará ibẹ̀. Rògbòdìyàn 2001 ló lé wa kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá dá orúkọ Jos lórí ìròyìn, mo máa ń pa rédíò, torí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ.

Ní October 2013, ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn Dókítà fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé BBC fúnra wọn ló pa ọ̀pọ̀ nínú eré ìgbà Hartnell àti Troughton, Dókítà àkọ́kọ́ àti èkejì, rẹ́. Téèpù wọ́n owó, wọ́n ń tún un lò, wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni á tún fẹ́ wò ó mọ́. Apá 106 ló di àwátì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris ló ń káàkiri ayé wá a. Níbo ló ti rí mẹ́sàn-án? Ní yàrá ìkẹ́rùsí kan ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ní Jos! "The Enemy of the World" àti "The Web of Fear", tí Patrick Troughton ṣe ní 1967 sí 1968. Apá kẹta "The Web of Fear" nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àwátì 106 wá di 97.

Mo ka ìròyìn náà lọ, mo kà á bọ̀. Ohun tí London sọ nù, ìlú mi ni wọ́n ti rí i. Eruku Jos ti bò ó, ọyẹ́ Jos ti fẹ́ lù ú, rògbòdìyàn ti kọjá lórí rẹ̀, kò bàjẹ́. Mo ra méjèèjì. Troughton ṣe Dókítà, ó tún ṣe ọ̀tá Dókítà nínú "The Enemy of the World", ẹni méjì tí ohùn wọn ò jọra. Bí ẹ ò bá tíì wò ó, ẹ lọ wò ó.

Ẹ sì gbọ́ èyí: Inua Ellams tó kọ apá Èkó ní 2025, Jos ni wọ́n bí òun náà sí.

Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Háà! N ò mọ ìyẹn rí. Apá Èkó yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

10 May 2025, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Lọ́dún yẹn, eré náà máa ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láago mẹ́jọ àárọ̀ ní UK, mo bá ní kí n wò ó díẹ̀ kí n tó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó, àkọlé rẹ̀ ni "The Story & the Engine". Dókítà balẹ̀ sí Èkó ní 2019, ó gba inú ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ Omo, onígbàjámọ̀. Ó ti kọ́kọ́ sọ fún Belinda, ẹni tó ń bá a rìnrìn àjò, pé pẹ̀lú ara dúdú tí òun gbé wọ̀ yìí, àwọn ibì kan wà láyé tí wọn ò ti gba òun bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ara ilé ni òun. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

Onígbàjámọ̀ mìíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti ti àwọn oníbàárà mọ́lé. Ẹni tó bá jókòó sórí àga gbọ́dọ̀ sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń gé irun rẹ̀, ìtàn yẹn ló ń gbé ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, aláǹtakùn ńlá kan sì ru gbogbo ilé náà. Nígbà tó kan Dókítà, ẹni tó ti bá àwọn Dalek ọ̀tá rẹ̀ jagun, tó ti rí òpin ayé, ìtàn wo ló sọ? Ti Belinda, nọ́ọ̀sì, àti iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọsibítù. Agbára tó ti inú ìtàn náà jáde pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára mi. Ní òru yẹn, mo ti di ọwọ́ màmá àgbàlagbà kan mú títí oorun fi gbé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó máa kọ ìyẹn sílẹ̀ níbikíbi. Mo sunkún débi pé ọkọ mi jí.

Ará Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa. Ẹ má bínú, èmi ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Àkọ́kọ́, apá tó lọ sí Èkó, kò sí ojúlé tó tọ́ tí ará Èkó lè gbà wò ó nígbà tó jáde. Àbúrò mi ní Leeds ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó wá sílé ni mo tó fojú ara mi rí i. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí Kérésìmesì tó dé.

Èkejì, inú ṣọ́ọ̀bù Èkó la wà, Ànáńsí, aláǹtakùn inú àlọ́, ni wọ́n ń dárúkọ. Ọmọ Ànáńsí, Abena, ló di máàpù sínú irun Dókítà tó fi rí ọ̀nà gbà. Mo fẹ́ràn irun dídì yẹn, ó dára. Ṣùgbọ́n Ànáńsí, ará Gánà ni. Ìjàpá dà? Gbogbo àlọ́ tí ìyá àgbà pa fún wa, Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀, kò sí ìkankan lẹ́nu àwọn ọkùnrin yẹn?

Ọmọ Jos

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ànáńsí wọ ọkọ̀ ẹrú dé Jàmáíkà, àwọn ọmọ Jàmáíkà sì gbé e dé London. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ibẹ̀ mọ̀ láti kékeré. Mo rò pé ìyẹn ló fà á. Àti pé Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ẹni gbogbo ló ń gé irun níbẹ̀.

Ará Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Mo gbà. Síbẹ̀, mo ṣì fẹ́ Ìjàpá.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Èmi náà fẹ́ Ìjàpá o. Ẹ sì ṣeun gbogbo yín, mo ti ka ti Bàbá fún mọ́mì, wọ́n ní kí n bá wọn kí Bàbá dáadáa. Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí gbogbo rẹ̀, kí lẹ rò nípa Billie Piper? Ṣé Dókítà ni, àbí Rose?

Bàbá Kent

Mo kí mọ́mì padà. Èmi ò rò pé Rose ni, Rose ní ìdílé tirẹ̀ níbi tó wà. Ó ń ṣe mí bíi pé Dókítà yá ojú yẹn lò ni, torí ó jẹ́ ojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó gbé ojú Tennant padà ní 2022. Bó bá sì jẹ́ pé Dókítà gan-an ni, màá wò ó. Ẹni mìíràn ńkọ́?