Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: àwítúnwí inú jíìnì RUNX2 ajá kò jáde dáadáa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ajá ìgboro Yábàá àti Múṣin ni à ń yẹ̀ wò: ìgbà mélòó ni lẹ́tà DNA CAG (tó ń pe glutamine, ẹyọ kan nínú prótéènì) àti GCN (tó ń pe alanine; N jẹ́ lẹ́tà èyíkéyìí) tún ara wọn kọ nínú RUNX2, jíìnì tó ń darí bí egungun ṣe ń dàgbà? Láti 2004 ni ìwádìí ti fi hàn pé bí iye méjèèjì ṣe rí síra wọn bá gígùn imú ajá mu.

PCR (ọ̀nà tí a fi ń da DNA kọ lọ́pọ̀ ìgbà) 25 µl ni, DNA 50 ng, ìyípo 35. Taq, ẹ́ńsáìmù (polymerase) tó ń da DNA kọ, ń yọ̀ lórí àwítúnwí, ó ń fo ẹyọ kan, ni ẹ̀dà tó fi lẹ́tà 3 kúrú bá ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tọ́. (Irú ìyọ̀ yìí, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA kọ, náà ló ń mú àwítúnwí gùn tàbí kúrú láti ìran dé ìran. Ohun tó wù wá níbẹ̀ gan-an nìyẹn.) Jẹ́ẹ̀lì agarose 2%, tí a fi ń to DNA bí gígùn rẹ̀ bá ṣe rí, kò sì lè ya lẹ́tà 3 sọ́tọ̀.

DMSO 5%, kẹ́míkà tó ń mú kí DNA rọrùn láti dà kọ, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé ká fi betaine 1 M (irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ náà) kún un, ká dín ìyípo kù sí 28, àbí ká pààrọ̀ polymerase? Bí iye tó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá bá sì yàtọ̀ sí ti bàbá, Sanger (ọ̀nà tí a fi ń ka lẹ́tà DNA) máa ń dàrú: ṣé dandan ni ká kọ́kọ́ pín wọn sínú plasmid (òrùka DNA inú bakitéríà), kí a lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀?