Epo wo ló yẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tó mọ ọ̀kadà. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti rọ epo ẹ́ńjìnnì 20W-50 sínú ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà mi ni ìrìn rẹ̀ ti yí padà. Bí mo bá já sí kòtò kan ṣoṣo, kò burú. Àmọ́ níbi tí kòtò kéékèèké bá ti tẹ̀ léra, ṣe ni ṣọ́ọ̀kì ń rì díẹ̀díẹ̀, kì í padà sókè tán kí òmíràn tó dé. Gbogbo jìgìjìgì yẹn á wá bọ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́. Àárọ̀ kùtù tí òtútù mú ló le jù. Bí oòrùn bá ràn, ó máa ń rọ̀ díẹ̀.

Ohun tó yé mi ni pé sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, epo ló ń kó o níjàánu bó ṣe ń gba inú ihò tín-ín-rín kọjá. Epo tó bá ki jù kì í tètè kọjá, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà W (bíi 10W tàbí 15W) tí wọ́n fi ń sọ bí epo ṣọ́ọ̀kì ṣe ki tó kì í dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, iye cSt, ìyẹn ìwọ̀n bí epo ṣe ki tó gan-an, ní 40°C ló ṣeé fi wé ara wọn.

Mo sábà máa ń gbé èrò, pẹ̀lú ẹrù nígbà míì. Ṣé kí n rọ 15W tí wọ́n dìídì ṣe fún ṣọ́ọ̀kì, àbí 10W, kí n sì wá sípíríǹgì tó le sí i? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lójú ọ̀nà fún mi.