Títo ìlà àmì Ṣáínà: èwo ló máa ń da ọwọ́ rú?

Bíírò Dúdú: Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àmì Ṣáínà, èwo ni títo ìlà rẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń ṣáájú àti èyí tó ń tẹ̀ lé e, máa ń da ọwọ́ rú jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé, ẹ má kàn dárúkọ àmì lásán.

Ọmọ Àgbẹ̀: 火. Ìlà mẹ́rin péré, síbẹ̀ ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ti fa 人 tán kí wọ́n tó máa wá àyè fún méjì kékeré ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ á wá há. Dọ́ọ̀tì òsì ló ń ṣáájú, kékeré ọ̀tún á tẹ̀ lé e, 人 ló ń kẹ́yìn.

Tìjẹ̀: 小 ló fà á. Ẹni tó ti kọ́ 小 àti 水 mọ̀ pé àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó wá rò pé bákan náà ni 火. Ẹ̀gbẹ́ ni 火 ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀.

Àjíkẹ́: 口! Ìlà mẹ́ta ni o, kì í ṣe róbótó.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́: O ṣeun, Àjíkẹ́. Ìlà òsì á sọ̀kalẹ̀. Ìkejì á lọ sọ́tùn-ún, á yà ní igun, á sọ̀kalẹ̀ láìgbé bíírò. Ìkẹta á dí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé bíírò ní igun ti sọ ọ́ di mẹ́rin, yóò sì máa wá àmì níbi tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ tí wọ́n fi iye ìlà tò. Ẹ wo 国, ìlà mẹ́jọ: ìlà méjì fún ògiri àti òrùlé, 玉 á wọlé pẹ̀lú márùn-ún, ìlà ìsàlẹ̀ á wá dé e pa. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní Ṣáínà nìyẹn: kí èèyàn wọlé ná, kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Lánre_B: 医 kò gba ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìlà òkè, 矢 inú, lẹ́yìn náà ni òsì àti ìsàlẹ̀ nínú ìlà kan ṣoṣo.

Tìjẹ̀: Bí àmì bá ti jáde dáadáa, ta ló máa mọ èyí tó ṣáájú?

Ọmọ Àgbẹ̀: Fóònù á mọ̀. Ẹni tó ń fi ìlà tẹ̀wé ní bọ́tìnì márùn-ún: 1 ni ìbú, 2 òòró, 3 èyí tó dà sósì, 4 dọ́ọ̀tì tàbí èyí tó dà sọ́tùn-ún, 5 gbogbo èyí tó bá ṣẹ́. 好 jẹ́ 531521. Tí o bá fi ìbú 女 tó wà lápá òsì rẹ̀ ṣáájú, 1 lo máa tẹ̀, 好 ò ní yọjú.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́: Ìkọ̀wé ayára tún ńkọ́? Bíírò kì í kúrò lórí ìwé tán, okùn tín-ín-rín á so ìlà kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Tí ètò bá ti yí, okùn á bọ́ síbi tí kò yẹ, ará Ṣáínà fúnra rẹ̀ ò ní lè kà á.

Tìjẹ̀: Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ìwé kan fi ìbú ṣáájú nínú 右, òmíràn fi èyí tó dà sósì.

Lánre_B: Ìwé Japan ni ìkejì yẹn. Ní Ṣáínà, ìbú ló ń ṣáájú nínú 左 àti 右. Ní Japan, 左 nìkan ni ìbú ń ṣáájú. Wọn ò pàdé lórí 王 náà: Ṣáínà fa ìbú méjì kó tó kan òòró, Japan fa ẹyọ kan.

Àjíkẹ́: Ta ló wá tọ̀nà?

Lánre_B: Méjèèjì, kálukú nílé rẹ̀. Ti Ṣáínà wà nínú ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2021, àmì 8,105 ló wà níbẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ́ Mandarin má fi ìwé Japan kọ́ ọwọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀: Èmi ò fara mọ́ kíkọ́ òfin sórí. Èyí tó ṣẹ́ ló ṣáájú nínú 力, èyí tó dà sósì ló ṣáájú nínú 九. Òfin wo ló sọ ìyẹn? 辶 kẹ́yìn nínú 这, 走 ṣáájú nínú 起. Ẹ̀yà ara àmì ni kí ẹ kọ́.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́: Òfin ló ń gbé ọ dé ìdajì ọ̀nà, Ọmọ Àgbẹ̀. Má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Bíírò Dúdú: 必 ńkọ́?

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́: Ti Ṣáínà: dọ́ọ̀tì òsì, ìlà tó ní ìkọ́, dọ́ọ̀tì òkè, ìlà gígùn tó dà sósì, dọ́ọ̀tì ọ̀tún. Má kọ 心 tó wà nínú rẹ̀ tán kí o tó là á láàárín.