Bọ́ọ̀sì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, alẹ́ dé kò sí ọ̀kan

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Manchester kí n tó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá wù ló ń gbé bọ́ọ̀sì síta, ibi tó bá wù ú. Bó ṣe rí káàkiri Britain nìyẹn láti oṣù kẹwàá 1986, àyàfi Lọ́ńdọ̀nù. Ní Wilmslow Road tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, bọ́ọ̀sì mẹ́ta á já wọlé pọ̀, tilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí ń já èyí sílẹ̀ nítorí èrò. Owó ọkọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, n ò ní purọ́.

Àmọ́ ẹ̀yìn ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ń du èmi! Lọ́jọ́ tí orí bá mi ṣe é tí ọ̀kan yọ, dírẹ́bà wo tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ mi, ó ní kì í ṣe tiwọn. Mo tún san òmíràn.

Mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rò pé ìjọba ló ni bọ́ọ̀sì pupa. Rárá o, aládàáni náà ni, ìdí ìwé ni wọ́n ti ń jà, kì í ṣe ojú títì. Transport for London, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú náà, á la ọ̀nà, á kọ àkókò àti owó ọkọ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á wá dárúkọ iye tí wọ́n á gbà ṣe é. Owó èrò ò wọ àpò wọn. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ wa kàn dúró, ohùn kan ní kí dírẹ́bà ní sùúrù kí àlàfo àárín ọkọ̀ lè dọ́gba. Inú bí mi, mo ti pẹ́. Ní Manchester, ta ló máa dúró?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, èmi ń wa irú bọ́ọ̀sì pupa yẹn. Àdéhùn ọ̀nà wa parí, ilé-iṣẹ́ mìíràn gbà á, wọ́n kó àwa dírẹ́bà mọ́ ọn. Ọ̀nà kan náà, èrò kan náà, aṣọ iṣẹ́ ló yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dárúkọ owó kékeré gbọ́dọ̀ rí i yọ níbì kan: ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi ń sinmi nípẹ̀kun ọ̀nà ni wọ́n gé.

Èsì: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Èyí ni èmi ò rí láti orí àga èrò. Manchester náà ti bọ́ sábẹ́ àdéhùn báyìí, ìpele tó kẹ́yìn wọlé ní oṣù kìíní 2025. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣì wà níbẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ló ń fi wọ gbogbo rẹ̀. Mo rántí owó mi ọjọ́sí.