Processor mi ń já sí 800 MHz: ṣé ètò ni àbí ooru?

Oní-Fídíò Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fídíò ìgbéyàwó ni mo máa ń tò nílé, lórí kọ̀ǹpútà tí processor rẹ̀ jẹ́ Core i5-6500, tó ń lo Ubuntu (irú Linux kan). Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bá ti ní kó gbé fídíò jáde, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa fi sáré, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Iṣẹ́ wákàtí kan ti di mẹ́ta. Eré processor máa ń já sí 1200 MHz, ìgbà mìíràn 800. Mo bá "powersave" nínú scaling_governor (ètò tó ń darí eré processor), mo yí i sí "performance", pàbó ló já sí. Mo wo ìgbóná, acpitz (ọ̀kan lára ibi tí Linux ti ń ka ìgbóná) ní 27.8°C ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni oníṣẹ́ ń bọ̀ wá gba fídíò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Màmá Ìbejì
Àbúrò mi, fi governor sílẹ̀. "powersave" ti intel_pstate (dráífà tí Linux fi ń darí eré processor Intel) kì í so processor mọ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dé, á gòkè fúnra rẹ̀. Kódà, 800 kì í ṣe àìsàn tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 27.8 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Lórí àwọn motherboard kan, iye tí wọ́n kàn kọ sínú BIOS (ètò inú motherboard tó ń tan kọ̀ǹpútà) ni, kò sí ohun tó wọ̀n ọ́n. Ìbàdàn wo, nínú oṣù Kẹta, ni yàrá ti máa tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, áńbọ̀sì processor tó wà lẹ́nu iṣẹ́? Fi lm-sensors (ètò tó ń ka ìgbóná) sí i, tẹ `sudo sensors-detect`, kó o wá tẹ `watch sensors` nígbà tí fídíò bá ń jáde lọ́wọ́. "Package id 0" lábẹ́ coretemp ni kó o tẹjú mọ́. Tún wo èyí:

`cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/thermal_throttle/core_throttle_count`

Tí iye yẹn bá ń gòkè, processor ló ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa jóná.

Oní-Fídíò Mọ́kọ́lá
Màmá, 99 ni mo bá! 100 ni "crit" rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti léwu. Iye kejì yẹn sì ń sáré bíi mítà ilé epo.

Atún-Kọ̀ǹpútà-Ṣe
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, àmọ́ ẹ má dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fáànù tó bá processor wá látilẹ̀ ni, ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin ló fi dúró. Tí ẹyọ kan bá yọ, irin abẹ́ rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, ooru ò ní rọ́nà gbà mọ́. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kẹ́ ẹ fi ìka mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ nu gírísì àtijọ́ (thermal paste, tó ń gbé ooru processor bọ́ sára irin) kúrò pátá, kẹ́ ẹ fi tuntun sí àárín, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

Oní-Fídíò Mọ́kọ́lá
Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ń mì! Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn Máíkírà lọ sóde ìgbéyàwó kan ní Ṣakí, ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Gírísì rẹ̀ ti gbẹ bí ẹfun. Mo fi tuntun sí i, mo ki ẹsẹ̀ náà wọlé títí ó fi dún "kó". Fídíò ti ń jáde láti ogójì ìṣẹ́jú báyìí: kò kọjá 64, kò sì tíì wálẹ̀ sí abẹ́ 3200 MHz. Màmá, ẹ ṣé. Àbúrò, o ṣé gan-an. acpitz ṣì wà lórí 27.8.